Mẹ́ta fún Yin, Mẹ́ta fún Yang

Àwòrán roboto aláwọ̀ dúdú òun funfun tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ yin àti yang kò sí nínú ìwé Zhang Zhongjing. Òṣùwọ̀n ni oníṣègùn ará Ṣáínà yìí gbé dání. Ní ìparí ìjọba Han ló gbé ayé, ó ti tó nǹkan bíi 1,800 ọdún sẹ́yìn. Ó sọ nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ìwé rẹ̀, Shanghan Lun, pé ẹbí òun lé ní 200 tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó pé ọdún mẹ́wàá, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ti kú. Nínú mẹ́wàá tó kú, àìsàn òtútù ló pa méje. Ẹni tó sin òkú tó bẹ́ẹ̀ kò ráyè àròjinlẹ̀ lásán.

Àgbo tó kọ́kọ́ júwe níbẹ̀ ni Guizhi Tang. Nǹkan márùn-ún péré ni: ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ igi sínámọ́nì, gbòǹgbò òdòdó shaoyao, atalẹ̀ tútù, èso dazao pupa 12 tó jọ dàbínù, àti gancao, gbòǹgbò dídùn kan tí wọ́n ti yan. Ara aláìsàn tí àgbo yìí wà fún gbóná, orí ń fọ́ ọ, kò fẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí òun, síbẹ̀ òógùn ń bò ó. Oníṣègùn gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Bó bá fọwọ́ bà á fẹ́ẹ́rẹ́, iṣan tó ń lù kìkì ń bá ìka pàdé lókè. Bó bá tẹ̀ ẹ́ wọlé díẹ̀, ó ti rọ, kò lókun. Lójú Zhang, yang, ipá gbígbóná tó ń tì síta, ti léfòó sí ìta ara, yin, ipá tútù tó yẹ kó jókòó sínú, kò rí ẹni dá a dúró, ló bá ń bá òógùn jáde.

Ẹlòmíì ì bá fún un lóhun tí yóò mú un làágùn dáadáa kí òtútù lè bá a lọ. Ẹlòmíì ì bá wá ohun tí yóò dí òógùn náà pa. Zhang ṣe méjèèjì pọ̀. Sínámọ́nì gbóná, ó ń tì síta: liang 3, nǹkan bíi gíráàmù 45 ní ìṣirò òde òní. Shaoyao kan díẹ̀, ó tutù, ó ń kó nǹkan jọ sínú: òun náà, liang 3. Atalẹ̀ ń bá sínámọ́nì lọ síta, dazao ń bá shaoyao gbélé, gancao sì jókòó láàárín wọn bí alárinà.

Bó ṣe ní kí wọ́n sè é náà wù mí. Sheng omi 7, iná jẹ́jẹ́, títí yóò fi ku 3; sheng kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú márùn-ún lítà. Aláìsàn á mu sheng kan, á sinmi díẹ̀, á wá fi ẹ̀kọ ìrẹsì gbígbóná tó ṣàn lé e, nítorí inú oúnjẹ ni ara yóò ti rí ohun tí yóò fi làágùn. Wọ́n á daṣọ bò ó fún bíi wákàtí méjì. Kí gbogbo ara kàn rin ni Zhang ń fẹ́. Bó bá ṣàn bí omi, ó ní àìsàn náà kò ní lọ. Bí ara bá sì yá lẹ́yìn ife kan, kó má mu ìyókù mọ́. (Ẹni tó ń ta oògùn kì í sábà sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn.)

Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti dùn jù ni ibi tó ti ń yí ìwọ̀n padà. Bó bá sún shaoyao láti liang 3 sí 6, tó fi gbogbo ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà, àgbo náà yíjú sínú, ó di ti ikùn tó kún tó sì ń dunni. Bó bá tún da oje ọkà dídùn sí i, ó di Xiao Jianzhong Tang, fún ẹni tí okun ti tán nínú rẹ̀ tí inú ń run. Bó bá jẹ́ sínámọ́nì ló gòkè dé 5, ó di ti èémí tó ń ta gìrì láti ìsàlẹ̀ ikùn wá sí àyà, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń pè ní ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń sáré. Bó bá yọ shaoyao kúrò pátápátá, àyà tó há ló kù tó ń wò. Èmi kò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi ohun tó kéré tó báyìí ṣe ohun tó pọ̀ tó báyìí.

Kò sẹ́ni tó tíì rí yin nínú ìgò àyẹ̀wò, mi ò sì ní kí ẹni tí ibà ń ṣe pa dókítà tì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń yìn. Àwọn dókítà Jàpáánì ṣì ń kọ àgbo yìí fún aláìsàn, keishitō ni wọ́n ń pè é. Èèpo igi sínámọ́nì ni wọ́n ń lò níbẹ̀ dípò ẹ̀ka, òun àti shaoyao sì dọ́gba síbẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ti di hóró wẹ́wẹ́ inú ọ̀rá péńpé. Ẹ̀kọ gbígbóná àti aṣọ ìbora kò sí nínú ọ̀rá yẹn, lójú tèmi, bí ìdajì iṣẹ́ Zhang ló kù síta.