Ìyá Tí Ó Gbà: Ọ̀rọ̀ Díẹ̀ Lórí "Ọ̀fun Irin"

Ẹni tí ó bá ka ìtàn kúkúrú tí Mikhail Bulgakov, ará Rọ́ṣíà, kọ jáde ní 1925, tí ó pè ní "Ọ̀fun Irin", lè tètè yin dókítà inú rẹ̀. Ìyìn tọ́ sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ ni ọkàn ìtàn náà wà.

Bulgakov fúnra rẹ̀ ṣe dókítà ní ìgbèríko Smolensk láàárín 1916 àti 1917, nítorí náà ó mọ ohun tí ó ń sọ. Nínú ìtàn náà, wọ́n gbé ọmọdébìnrin ọlọ́dún 3 kan, Lidka, wá lóru bá dókítà kékeré tí kò tíì pẹ́ tí ó gba oyè. Ó ti di ọjọ́ 5 tí dìfìtéríà ti ń dí ọmọ náà lọ́fun. Èémí kò fẹ́ rí ọ̀nà kọjá mọ́. Dókítà ní àfi kí òun la ọ̀fun rẹ̀ níṣàlẹ̀, kí òun sì ki ọ̀pá fàdákà bọ̀ ọ́. Ìyá àgbà yarí. Ìyá ọmọ pẹ̀lú kọ́kọ́ kọ̀, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn ó ní òun gbà.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Dókítà ní ìwé, ó ní abẹ, ó ní àwọn tí ń ràn án lọ́wọ́, bí ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ dákú lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, nínú ọkàn rẹ̀, ó ń fẹ́ kí wọ́n kọ̀, kí ẹrù náà lè kúrò lórí òun. Kí ni ìyá ní? Gbólóhùn kan péré. Bí ó bá kọ̀, ọmọ kú. Bí ó bá gbà, tí ọmọ sì kú, òun ni ó fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí wọ́n dú u. Láti ara "mí" ni èdè wa ti fa "èémí" àti "ẹ̀mí" yọ. Ìyá yìí kò kọ́ gírámà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ lóru ọjọ́ náà pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mo rí àbùkù kan. Dókítà bínú pé wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ fún ọjọ́ 5, ìbínú rẹ̀ sì tọ́. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé kò jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn obìnrin náà tó. Ó sọ ìyá àgbà di ẹni yẹ̀yẹ́, kò sì fún ìyá ọmọ ní orúkọ.

Àkọlé rẹ̀ ni ó tún un ṣe díẹ̀. Fàdákà ni ọ̀pá náà. Àwọn ará abúlé ni ó ń sọ kiri pé dókítà yọ ọ̀fun ọmọ, ó fi irin rọ́pò rẹ̀. Dókítà ka ọ̀rọ̀ náà sí àìmọ̀kan, òǹkọ̀wé sì mú un ṣe orúkọ ìtàn rẹ̀. Ẹnu àwọn tí ó ń fi ṣe ẹ̀rín ni ó ti rí ọ̀rọ̀ tí ó dùn jù.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ti Rọ́ṣíà àtijọ́ ni èyí. Ní 2023, dìfìtéríà jà ní Nàìjíríà, pàápàá ní Kano, bẹ́ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà fún ọmọ ọwọ́ ní ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ka ìtàn náà. Kí ẹ tó pàtẹ́wọ́ fún dókítà, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ìyá.