Orin Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá: Bí A Ṣe Lè Dá Àlọ́ Bàbá àti Ọmọbìnrin Mọ̀ ní Èkìtì

"Bàbá kan wà, ó ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo." Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó gbọ́ àlọ́ ní kékeré l'Ádó-Èkìtì, ní Ìyìn tàbí ní Ìgèdè máa ń bá a dé kí ìyókù tó pòórá. Wọ́n á ní igi kan wà nínú rẹ̀, tàbí pé ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀, tàbí pé orin rẹ̀ máa ń pa àwọn lẹ́kún. Àlọ́ wo wá nìyẹn? Èrò tèmi ni pé bàbá àti ọmọ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ìwádìí gan-an ló ń ṣì wọ́n lọ́nà. Apàlọ́ lè sọ ìyá di bàbá, ó lè sọ ọba di ọdẹ, àlọ́ kò sì ní bàjẹ́. Kókó ìṣẹ̀lẹ̀ àti orin ni kì í fẹ́ yí padà.

Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ní ìlànà tiwọn. Ní 1910, Antti Aarne, ará Finland, to àwọn àlọ́ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fún wọn ní nọ́ńbà. Stith Thompson fẹ̀ ẹ́ lójú, Hans-Jörg Uther sì tún un ṣe ní 2004. Bí ẹnì kan bá rántí bàbá tó bi àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn òun tó, tí ọ̀kan sì dáhùn pé bí iyọ̀ ni, nọ́ńbà 923 nìyẹn, ìbátan King Lear ti Shakespeare. Inú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ ló ṣeé ṣe kó ti bá a pàdé. Ìlànà náà wúlò, àmọ́ àlọ́ Yúróòpù ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. William Bascom, tó ti ṣe ìwádìí n'Ífẹ̀ láàárín 1937 sí 1938, fi hàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1992 pé ọ̀pọ̀ àlọ́ ló ti Áfíríkà dé Amẹ́ríkà láìgba Yúróòpù kọjá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ tí kò sọ̀rọ̀. Àlọ́ méjì ló ń du ọmọ yìí. Nínú ọ̀kan, ọmọ ọba ya odi. Ìjàpá gbé oyin sí ojú ọ̀nà rẹ̀, bó ti tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni Ìjàpá fò jáde, ó pariwo olè, ó dè é lókùn, ìbínú sì la ọmọ náà lẹ́nu. Nínú èkejì, ọmọbìnrin kọ gbogbo ọkọ tí bàbá rẹ̀ fẹ́ fún un, ó wá tẹ̀lé arẹwà ọkùnrin kan láti ọjà. Ẹ̀yà ara àyálò ló gbé wọ̀. Ó ń dá wọn padà lójú ọ̀nà títí ó fi ku agbárí. Èyí ni Amos Tutuola kọ sínú The Palm-Wine Drinkard ní 1952, tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì, sì fi ṣeré Ọ̀mùtí ní 1963. Nínú ìwé Tutuola, agbárí so owó ẹyọ mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, kò sì lè fọhùn mọ́. Ó padà dọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ tán, ẹnu kò tíì ṣí, àfi ìgbà tí wọ́n rí ewé tó yẹ. Nítorí náà, ìbéèrè kan péré tó: ṣé oyin ni ẹ rántí, àbí owó ẹyọ?

Èyí tó díjú jù ni ti igi. Ìyá ni gbogbo wa mọ Olúrónbí sí: àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèlérí ewúrẹ́ àti àgùntàn fún Ìrókò, òun ṣèlérí ọmọ. Ṣùgbọ́n nínú Yoruba Legends tí M. I. Ogumefu tẹ̀ jáde ní 1929, bàbá ọmọ wọ inú rẹ̀, agbẹ́gilére sì ni. Ìrókò ti sọ Olúrónbí di ẹyẹ nítorí ẹ̀jẹ́ tí kò san. Ọkọ gbọ́ orin ẹyẹ náà, ó sì mọ̀ pé aya òun ni. Ó gbẹ́ ọmọ igi, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó gbé e sí ìdí Ìrókò. Ìrókò gbà á, ó dá obìnrin náà sílẹ̀. Ẹni tó bá rántí bàbá tó fi igi gbẹ́ ọmọ, àlọ́ yìí ló ń wá, kódà bí orúkọ Olúrónbí kò bá wá sí i lẹ́nu. Mo rò pé irú rẹ̀ yìí á tètè dúró lọ́kàn ọmọ Èkìtì, nítorí ilẹ̀ Olówè ará Ìsẹ̀ ni, ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924. Inú àlọ́ náà fúnra rẹ̀, ẹ kíyè sí i, orin ni ọkọ fi dá aya mọ̀.

Bó bá sì jẹ́ bàbá ló jẹ́ ẹ̀jẹ́, tó ti ojú ogun bọ̀, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jó pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ìlù, Jẹfta nìyẹn, nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí 11. Oṣù méjì tí ọmọ náà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi sunkún lórí òkè ni àmì tó dájú. Bí ìtàn náà ti ní òkè, ìlú olókè ni Adó náà. Ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì àti àlọ́ ìyá àgbà lè tètè wọnú ara wọn lọ́kàn ọmọdé.

Orin ló kù. Apàlọ́ lè fi Yorùbá àjùmọ̀lò pa àlọ́, kó dédìí orin kó bọ́ sí Èkìtì, nítorí ohùn orin ti so mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí "ulé" tàbí "ugi" bá yọ nínú rẹ̀ dípò "ilé" tàbí "igi", a ti ń súnmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ pa á. Àmọ́ orin àlọ́ kì í ṣe ti ẹnìkan: ẹnìkan ń lé, àwọn yòókù ń gbè. Ẹni tó jẹ́ elégbè ní kékeré ń dá wá ohun tí kò fìgbà kan dá mọ̀. Kó lọ bá àwọn tí wọ́n jọ jókòó ní àgbàlá kan náà, l'Ókèṣà tàbí ní Ìjìgbò l'Ádó. Kó gbé ègbè náà bó ṣe mọ ọ́n. Ẹni tó dàgbà jù láàárín wọn ló ṣeé ṣe kó mọ lílé. Kí wọ́n gba orin náà sínú fóònù ná, kí wọ́n tó máa jiyàn bóyá bàbá ni tàbí ìyá.