Ààyè Òfìfo àti Ìtumọ̀: Lámèyítọ́ Ìhun Èdè Shell Nínú Ìwé Àṣẹ Ìbẹ̀rẹ̀

Shell ni èdè tí ẹ̀rọ Unix fi ń gba àṣẹ. Èyí tí Stephen Bourne kọ ní Bell Labs, tí ó jáde pẹ̀lú ẹ̀dà keje Unix ní 1979, ni ó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ fún púpọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Èdè yìí náà ni wọ́n fi ń kọ ìwé àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀, èyí tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé ní kété tí wọ́n bá tàn án. Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé àìfarabalẹ̀ òǹkọ̀wé ni ó ń fa àṣìṣe inú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àlàyé yìí kò kúnjú ìwọ̀n: ìhun èdè náà ní ẹ̀bi tirẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ààyè òfìfo. Ẹni tí ó kọ DIR=/var/tmp ti fún orúkọ náà, DIR, ní ìtumọ̀. Ẹni tí ó kọ DIR = /var/tmp ti pe àṣẹ kan tí ń jẹ́ DIR, bẹ́ẹ̀ kò sí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ní ti àmì [, òdìkejì ni ọ̀rọ̀ rí: àṣẹ ni òun fúnra rẹ̀, nítorí náà ààyè gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Bí àmì ohùn ti ń ya ọkọ kúrò lára ọkọ́, bẹ́ẹ̀ ni òfìfo ń ya ìtumọ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n òǹkàwé Yorùbá lè ti inú àyíká ọ̀rọ̀ mọ èyí tí òǹkọ̀wé ń wí. Shell kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Èkejì wúwo ju èyí lọ. Orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ kì í dá shell dúró. Ṣe ni ó ń di òfo. Lẹ́yìn tí DIR = /var/tmp bá ti kùnà, ẹ̀rọ a tẹ̀ síwájú. Bí ìlà tí ó kàn bá jẹ́ rm -rf $DIR/*, ohun tí yóò ṣẹ ni rm -rf /*. Níwájú ènìyàn, ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ lè tó láti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ní àkókò ìbẹ̀rẹ̀, ó lè má sí ẹni tí ń wò ó, agbára root sì ni ìwé náà fi ń ṣiṣẹ́.

Àṣẹ sh -n, tí ń yẹ ìhun wò láì mú un ṣẹ, kò ní rí àṣìṣe kankan nínú ìlà méjèèjì, nítorí pé gírámà wọn tọ́. Ẹ̀ka-èdè náà tún ń dá kún un: nígbà tí Ubuntu fi dash rọ́pò bash gẹ́gẹ́ bí /bin/sh ní 2006, àwọn ìwé tí ó ń lo [[ lábẹ́ orúkọ sh kùnà.

Ní ìkádìí, ìmọ̀ràn pé kí òǹkọ̀wé ṣọ́ra kò tó. set -u, tí ń dá ìwé dúró bí orúkọ kan kò bá ní ìtumọ̀, ni ó yẹ kí ó ṣáájú nínú ìwé àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ṣáájú ti if àti case. Ìdádúró ẹ̀rọ ṣeé tún ṣe; ohun tí rm bá ti pa rẹ́ láìsí ẹ̀dà níbòmíràn ṣòro láti gbà padà.