Ó Péye, Àbí Ó Ṣe Wẹ́kú?

Ewì tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kọ lórí Eredo Sungbo dùn létí, èmi náà pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ó ní Ayaba Ṣébà ló gbẹ́ yàrà náà láyé Sólómọ́nì. Kò rí bẹ́ẹ̀ o! Àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé ó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ lẹ́yìn Sólómọ́nì kí wọ́n tó gbẹ́ ẹ.

Akéwì fèsì pé gbogbo ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Òkè-Eri ló péye nínú ewì òun. Lóòótọ́, kò yọ ìkankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó péye lè má ṣe wẹ́kú. Ṣé owó ọjà ò lè pé ní kíkà, kí ayédèrú wà nínú ẹ̀ ni? Ká ní ó fi "wọ́n ní" síwájú rẹ̀ ni, mi ò bá má lẹ́jọ́ rò.

Yàrà tó yí ilẹ̀ ká fún bíi 160 kìlómítà, tó jìn tó 20 mítà níbòmíì, òógùn àwọn baba ńlá wa ni. Tá a bá gbé e fún àlejò, ta ló máa wá yìn wọ́n?