Láàrin Òwò àti Ọ̀wọ̀

Pátákó lẹ́tà tí ó wà lára ògiri yàrá àyẹ̀wò ojú jẹ́ ìwé tí àwa alárìíwísí kì í sábà kà sí ìwé. Herman Snellen, oníṣègùn ojú ní ilẹ̀ Netherlands, ni ó gbé e jáde ní ọdún 1862. Àwọn lẹ́tà ńláńlá wà lókè, wọ́n sì ń kéré sí i bí a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìtàn nínú rẹ̀, kò sí ìtumọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iyì rẹ̀ wà. Ẹni tí ń ka gbólóhùn lè fi òye parí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí. Ṣùgbọ́n níwájú pátákó yìí, ojú nìkan ni ó ń jẹ́rìí.

Snellen wọn àwọn lẹ́tà náà débi pé gíga ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po 5 sísanra ilà tí a fi kọ ọ́. Àlàfo kékeré kan ni ó ya C sọ́tọ̀ kúrò lára O. Ẹni tí kò bá rí àlàfo náà kò kàwé, ó ń méfò ni. Àwa tí a ń kọ Yorùbá kò ṣàì mọ irú èyí. Àmì abẹ́ lẹ́tà nìkan ni ó ya òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀wọ̀.

Àbùkù pátákó náà ni pé ó ka gbogbo ojú sí ojú tí ó ti lọ sí ilé-ìwé. C àti Z inú rẹ̀ kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, àgbà tí kò mọ̀wé kò sì lè dárúkọ lẹ́tà kankan. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn oríṣi kejì, èyí tí ó jẹ́ pé E nìkan ni a yí sí òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ẹni tí a ń yẹ ojú rẹ̀ wò yóò kàn fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ E kọjú sí.

Ṣùgbọ́n pátákó kì í sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, pàápàá fún ẹni tí ó fẹ́ awò tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú. Adolf Fick kọ̀wé nípa irú awò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1888. Dígí ni, ojú kò sì lè gbà á pẹ́. Ní ọdún 1961, Otto Wichterle, ará Czechoslovakia, fi ẹ̀rọ tí ó tò jọ láti ara ohun ìṣeré ọmọdé ṣe èyí tí ó rọ̀. Ìrọ̀rùn yìí ni ó wá tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n ń ra awò aláwọ̀ búlúù tàbí aláwọ̀ ewé fún ìnáwó àti fọ́tò bí ẹni ń ra yẹtí, láìjẹ́ kí oníṣègùn kankan wo ojú wọn.

Mo ka èyí sí àṣìkà. Awọ tí ó mọ́ gaara ní iwájú ẹyinjú kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Lára afẹ́fẹ́ ni ó ti ń mí. Nítorí náà ni oníṣègùn ṣe ń wọn bí ó ṣe yọ síta tó, tí ó ń fi awò dán ojú wò, tí ó sì ń ṣọ́ bí awò náà ṣe ń yẹ̀ díẹ̀ nígbà tí a bá ṣẹ́jú. Awò tí ó fún jù kì í jẹ́ kí omijé ráyè lọ bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Awò tí a fi omi ẹ̀rọ fọ̀ lè kó kòkòrò àìfojúrí wọ ojú, ojú sì lè fọ́. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin.

Ẹni tí ó ń ta awò láìwọn ojú ń ṣe òwò, àmọ́ kò ní ọ̀wọ̀ fún ojú. Kí olùrà náà béèrè ìwọ̀n kí ó tó béèrè àwọ̀.