Aṣọ Nìkan Kọ́ Ló Ń Bo Egúngún: Ṣẹ̀gilọlá, Òkèbàdàn àti Ọ̀rọ̀ Ìfarapamọ́

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìbéèrè kan ń wá sọ́dọ̀ mi ní oríṣiríṣi ọ̀nà: ṣé ó bójú mu kí ènìyàn sọ̀rọ̀ láàárín ẹgbẹ́ kékeré láìdárúkọ ara rẹ̀? Bí ó bá sì fara pa mọ́, ta ni kó dáàbò bò ó? Àwọn kan ní ìwà ojo ni. Àwọn kan ní ẹ̀tọ́ ni. Mi ò ní fi òfin bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ni màá fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí a bá gba ìtàn àwọn àgbà gbọ́, irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló tú Ìbàdàn ká nígbà kan rí.

Ìtàn náà ni pé Lágelú ló tẹ Ìbàdàn àkọ́kọ́ dó. Lọ́dún kan, wọ́n ń ṣọdún egúngún, aṣọ sì bọ́ lára egúngún kan láàárín ọjà. Tọmọdé tobìnrin rí ẹni tó wà nínú ẹ̀kú, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Ọ̀rọ̀ náà dé etí Aláàfin Ṣàngó, inú bí i, ó ní kí wọ́n pa ìlú náà run. Lágelú àti àwọn tó ṣẹ́kù sá lọ sórí òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀ títí ara fi rọ̀ wọ́n.

Ẹ má kà á bí ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba. Ẹ kà á bí mo ṣe kọ́ yín pé ká máa ka ìtàn: kí ni ìtàn yìí kà sí ẹ̀ṣẹ̀? Aṣọ tó bọ́ kọ́. Aṣọ lè bọ́ lára ẹnikẹ́ni, àgbákò ni. Ẹ̀sín tí wọ́n fi í ṣe ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ sì wò ó, ìtàn náà kò sọ pé wọ́n lọ bá ẹni tó wà nínú ẹ̀kú pé kí ló dé tí kò so aṣọ rẹ̀ dáadáa. Gbogbo ìlú ló jìyà, nítorí pé gbogbo ìlú ló ní in lọ́wọ́. Kókó tí mo fẹ́ sọ lónìí nìyẹn: ìfarapamọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó fara pa mọ́ nìkan. Iṣẹ́ àwọn tó yí i ká ni, bí ẹgbẹ́ bá sì ṣe kéré tó ni iṣẹ́ náà ṣe ń wúwo lọ́rùn wọn tó.

Ẹ kò lè rí àgbàlagbà kan ní Bẹẹrẹ tàbí Bẹyẹrunka tí kò mọ agboolé tí egúngún àdúgbò rẹ̀ ti ń jáde. Ìyá arúgbó tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́bàá ọ̀nà lè ti ìrìn ẹsẹ̀ dá ọmọ ara rẹ̀ mọ̀ nínú ẹ̀kú. Síbẹ̀, yóò kúnlẹ̀, yóò ní "Bàbá, ẹ kú àbọ̀", yóò sì ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀. Ṣé kò mọ̀ ni? Ó mọ̀. Àdéhùn ló wà níbẹ̀: ohun tí ojú mọ̀, ẹnu kò gbọdọ̀ sọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, egúngún kì í dá jáde. Atọ́kùn máa ń wà níwájú rẹ̀, òun ló ń tọ́ ọ sọ́nà, òun ló ń lé èrò sẹ́yìn, òun náà ni wọ́n máa bi bí egúngún bá ṣe ohun tí kò yẹ. Kò yà mí lẹ́nu pé orúkọ yìí kan náà ni a fún ẹni tó ń darí ètò lórí rédíò: atọ́kùn ètò.

Pẹ̀lú òye yìí, ẹ jẹ́ ká wo ìwé kan tí púpọ̀ nínú yín kà lọ́dọ̀ mi. Lọ́dún 1929, ọdún tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó níbí, I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan jáde. Obìnrin náà ní òun ti di arúgbó, àìsàn ti dá òun gúnlẹ̀, òun sì fẹ́ ròyìn ayé tí òun jẹ kí ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Kò sọ orúkọ rẹ̀. Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ló pe ara rẹ̀, ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ láyé. Láti oṣù Keje 1929 títí di oṣù Kẹta 1930 ni lẹ́tà náà ń jáde, ó sì di ìwé lọ́dún 1930. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà pé ẹni gidi ni, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Lónìí, a mọ̀ pé Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́. Karin Barber tún un gbé jáde lọ́dún 2012, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Wọ́n máa ń yin ìwé yìí nítorí èdè rẹ̀ tó dùn, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú òǹkàwé dúró nínú rẹ̀ ju èdè lọ. Orúkọ nìkan ni Ṣẹ̀gilọlá fi pa mọ́. Kò fi nǹkan mìíràn pa mọ́. Ó ń dárúkọ àdúgbò Èkó, ó ń sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń rántí orin tó lóde nígbà èwe rẹ̀, ó ń tọ́ka sí àwọn ọkùnrin láìdárúkọ wọn. Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀, òǹkàwé sì ń yọjú. Ta ni obìnrin yìí? Ilé wo ni? Ọkùnrin wo ló ń sọ yẹn? Ọ̀nà tí Thomas fi ta ìwé ìròyìn nìyẹn, ọgbọ́n ńlá ni.

Ibi tí mo ti bá ìwé náà jà nìyí. Thomas ló wà nínú ẹ̀kú, Thomas náà ni atọ́kùn. Kò sí obìnrin kankan tí ojú lè tì. Nítorí náà, ó lè máa já àmì sílẹ̀ lọ́nà bó ṣe wù ú. Ká ní Ṣẹ̀gilọlá jẹ́ abiyamọ kan tó ń mí, tó ní ọmọ, tó ní aládùúgbò, lẹ́tà kẹta kò ní jáde tí gbogbo Èkó á ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kọ ìtàn, ẹ ka Ṣẹ̀gilọlá. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń fara pa mọ́, ẹ má kọ́ ọ níbẹ̀. Ohun tí ìwé náà ń kọ́ wa ní ti ìfarapamọ́ ni bí àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣe máa ń dẹ ẹni tó sọ ọ́ kiri.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Lọ́dún 2000, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan ní Amẹ́ríkà, Latanya Sweeney, fi hàn pé bí a bá ti mọ ọjọ́ ìbí ènìyàn, pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò rẹ̀, nǹkan mẹ́ta péré yẹn tó láti ya nǹkan bí ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. A ò sì tíì dárúkọ ẹnikẹ́ni o! Amẹ́ríkà nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo títóbi rẹ̀. Ẹ wá wo agboolé kan ní Ọjà'ba.

Ọgbọ́n tí àwa náà máa ń dá ni "ọ̀rẹ́ mi kan". Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyàwó ilé kan wà nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àdúgbò, àwọn bí ogójì, lórí WhatsApp. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi kan ni, ọkọ rẹ̀ ń nà án, ó ti bímọ mẹ́ta, ó ń ránṣọ. Kí ni kó ṣe?" Kò dárúkọ. Ṣùgbọ́n obìnrin mélòó ló ń ránṣọ nínú àwọn ogójì yẹn, tó sì bímọ mẹ́ta? Gbogbo wọn á mọ̀. Ohun tó kù ni ohun tí wọ́n á fi ìmọ̀ náà ṣe. Bí wọ́n bá dá a lóhùn pé "Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ná, ká máa ronú ọ̀nà àbáyọ", wọ́n ti kúnlẹ̀ fún egúngún. Bí ẹnì kan bá ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, tó fi ránṣẹ́ sí àbúrò ọkọ, aṣọ ti bọ́ láàárín ọjà nìyẹn. Kí ẹ sì rántí pé ẹ̀mí lè lọ sí i.

Atọ́kùn pàápàá lè jìyà. Ní oṣù Karùn-ún 1936, ìwé ìròyìn African Morning Post ní Accra, níbi tí Nnamdi Azikiwe ti jẹ́ olóòtú, gbé àpilẹ̀kọ kan jáde tó bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn òyìnbó amúnisìn. "Effective" ni orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ìjọba ní I. T. A. Wallace-Johnson ló kọ ọ́. Wọ́n gbé òun àti Azikiwe lọ sílé ẹjọ́ fún ẹ̀sùn ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀, wọ́n sì dá àwọn méjèèjì lẹ́bi. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ló dá Azikiwe sílẹ̀ lọ́dún 1937. Stephanie Newell kọ odidi ìwé lórí irú orúkọ ìfarapamọ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìwé ìròyìn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó jáde lọ́dún 2013. Ẹni tó bá kà á kò ní sọ mọ́ pé ojo nìkan ló ń fi orúkọ pa mọ́.

Ẹ lè ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé kì í ṣe àwa Ìbàdàn náà là ń sọ̀rọ̀ ní gbangba lọ́jọ́ Òkèbàdàn?" Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹta, lọ́jọ́ Òkèbàdàn, àwọn èrò á tú síta, láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, wọ́n á máa fi orin bú ẹni tó bá wù wọ́n. Ohun tí ẹnu kì í gbé lọ́jọ́ mìíràn, wọn á fi kọrin. Kò sí ìbòjú níbẹ̀ rárá. Nǹkan méjì ló ń dáàbò bo akọrin: èrò tó pọ̀, àti ọjọ́ tó ní òpin. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀rọ̀ tán, a kì í fi èébú Òkèbàdàn ṣe ẹjọ́ lọ́jọ́ kejì. Àdéhùn tún nìyẹn.

Fóònù ló wá ba àdéhùn náà jẹ́. Ọmọbìnrin tó kọrin lọ́jọ́ Òkèbàdàn lè rí fídíò ara rẹ̀ lórí Facebook lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, nígbà tó ń wáṣẹ́. Ẹni tó ń wò ó ní Èkó tàbí ní Lọ́ńdọ́nù kò mọ̀ pé ọjọ́ ọdún ni. Obìnrin oníjẹkújẹ ẹnu ló rí. Fídíò kò mọ ìgbà tí ilẹ̀ ṣú. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ya fídíò ọdún wa. Ohun tí mo ń sọ ni pé ojú ẹni kan ṣoṣo kò yẹ kó di ti gbogbo ayé láìjẹ́ pé ó gbà bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń ta kò mí ní ọ̀rọ̀ gidi kan lẹ́nu: orúkọ ìfarapamọ́ ń fún abanijẹ́ ní ibi ìsádi. Mi ò jẹ́ jiyàn. Egúngún tó ń fi pàṣán na aláìṣẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí àwọn baba wa ṣe ń yanjú rẹ̀. Wọn kì í tú u sí ìhòòhò lójú ọjà. Agboolé rẹ̀ ni wọ́n ń lọ, wọ́n á bá atọ́kùn sọ ọ́, wọ́n á bá àgbà ilé sọ ọ́. Àwọn díẹ̀ mọ̀ ọ́n, àwọn díẹ̀ yẹn ló sì ń jíhìn fún un. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí àgbà méjì mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ àti kí gbogbo ọjà mọ̀.

Ẹ má retí pé òfin nìkan á ṣe é fún wa. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní abala 37, dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni tún dé lọ́dún 2023. Ṣùgbọ́n báńkì àti iléeṣẹ́ ni òfin 2023 yẹn ń bá wí jù. Ohun tí ènìyàn ń lò fún ara rẹ̀ tàbí nínú ilé rẹ̀ nìkan, ó yọ ọ́ sílẹ̀ níbi púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti oṣù Kejìlá 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí a so nọ́ńbà fóònù wa mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN. Nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ ń rí nínú ẹgbẹ́ WhatsApp, orúkọ wa gan-an ni.

Nítorí náà, ọwọ́ wa ló wà. Ẹni tó fẹ́ fara pa mọ́, kó yí iṣẹ́, iye ọmọ àti àdúgbò padà, kí ó má fi orúkọ nìkan ṣe ìbòjú. Ẹni tó jẹ́ atọ́kùn, kó jẹ́ kí ẹni tọ́rọ̀ kàn bá òun sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, kí òun bá a béèrè, kó sì pa á rẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹni tó gbọ́, kó má béèrè "Ta nìyẹn?" Ìbéèrè kékeré yẹn ló ń fa aṣọ.

Àwọn àgbà ní awo ló ń gbé awo nígbọ̀nwọ́; bí awo ò bá gbé awo nígbọ̀nwọ́, awo á tẹ́. A máa ń rò pé àwọn olórò nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ti bọ́ sí létí rí ti di awo. Ó dìgbà kan ná.