Igi Ni À Ń Gbẹ́, A Kì Í Gbẹ́ Ènìyàn

Eré méjì ni mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín. Ọdún kan náà, 2001, ni ayé dá àwọn méjèèjì lọ́lá. Ní oṣù karùn-ún, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Nàìjíríà, Benin àti Togo mọ́ àwọn ohun àjogúnbá tí kò gbọdọ̀ parun. Ní oṣù kọkànlá, ní Sun City ní Gúúsù Áfíríkà, Agbani Darego, ọmọ Nàìjíríà, gba adé Miss World. Òun ni ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gbà á. Obìnrin ni eré méjèèjì ń fi hàn, ṣùgbọ́n ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún ní àyà, ó tóbi ní ìdí; ti Sun City ga, ó sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́.

Ní Ọ̀tà tí mo dàgbà sí, a kò lè ṣàì mọ èyí èkíní, nítorí ìlú àwọn agbẹ́gilére tí ń gbẹ́ orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá rìn dé Sango, ní ìhà ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, èyí èkejì ni a óò bá pàdé: lára pátákó ìpolówó ọjà, àti lára àwọn ère ike tí àwọn aláṣọ tò síwájú ṣọ́ọ̀bù.

Àwọn kan yóò ní kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀: àwọn baba wa fẹ́ràn obìnrin tí ó sanra, ayé òde òní fẹ́ràn èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìgbà ló yí padà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí a ṣe ń ṣe eré méjèèjì. Ọkùnrin ni í gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Igi ni ọmú rẹ̀. Aṣọ tí a dì ni ìdí rẹ̀. Gèlè àti ìró tí ó yá lọ́wọ́ àwọn obìnrin ni ó fi ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ìlù bá dákẹ́, yóò tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yóò dá aṣọ padà fún aláṣọ, yóò sì jókòó jẹun. Ṣùgbọ́n lórí pèpéle àwọn mọ́dẹ́lì, ẹran ara ni a sọ di igi. Kò sí ohun tí a lè tú sílẹ̀ bí eré bá parí. Àwọn Efik náà ti ń fi ọmọbìnrin sínú ilé kí ó lè sanra kí ó tó lọ sílé ọkọ. Ara ènìyàn ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀ náà.

Agbani kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, Luisel Ramos, mọ́dẹ́lì ọmọ ọdún 22 láti Uruguay, kú kété lẹ́yìn tí ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà, anorexia pa Ana Carolina Reston ti Brazil, ọmọ ọdún 21. Àrùn yìí ni í mú kí ènìyàn máa febi pa ara rẹ̀ nígbà tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀. Ní 2017, ilẹ̀ Faransé pàṣẹ pé kí mọ́dẹ́lì máa mú ìwé ẹ̀rí dókítà wá kí ó tó ṣiṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀nà jíjìn ni. Wọ́n sọ fún ọmọbìnrin kan ní àdúgbò wa ní Sango pé ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ jù fún iṣẹ́ náà. Láti ọjọ́ náà, omi àti ọsàn ni ó ń jẹ. Ẹ̀bà tí ìyá rẹ̀ ń gbé fún un, inú garawa ìdọ̀tí ni a ti ń bá a. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń yìn ín: “Lẹ́pa!” Ìdí kànga ni ó dákú sí.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ àwa tí ń kọ́ èdè wà. Yorùbá mọ ẹni tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mọ ẹni tí ó rù. Bí a ṣe dá èkíní ni. À ń yìn ín. Ìyà tàbí àìsàn ni ó ba èkejì jà. À ń bi í pé kí ló dé. Lẹ́pa, ọ̀rọ̀ ìgboro yìí, da àwọn méjèèjì pọ̀, ó sì gba ìbéèrè náà kúrò lẹ́nu wa.

Agbẹ́gilére Ọ̀tà mọ ohun tí ó yẹ kí ó fi ọ̀bẹ kàn. Igi ni. Bí a bá rí ọmọ tí ó ń rù, kí a tó yìn ín, ẹ jẹ́ kí a bi í pé kí ló dé.